Gíga Kọ́ Ni Ààbò: Ọ̀rọ̀ sí Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ọkọ̀ Asáré Gba Jíìpù

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá bà jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan yóò gbọ́ ìmọ̀ràn kan náà lẹ́nu èèyàn mẹ́wàá. Mẹkáníìkì á sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n á sọ ọ́, àna á sọ ọ́, ẹni tó ń ta epo fún un á tún un sọ: "Tà á, fowó kún un, gba jíìpù." Bó bá wá jẹ́ ọkọ̀ kékeré tó rẹlẹ̀, tó ní ilẹ̀kùn méjì, ọkọ̀ asáré tí à ń pè ní spọ́ọ̀tì káà, wọn ò tilẹ̀ ní jẹ́ kó rojọ́ tán. Wọ́n á ní jíìpù ga, kòtò ò lè mú un. Wọ́n á ní jíìpù lágbára, kì í dààmú olówó rẹ̀. Wọ́n á ní bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà nínú jíìpù ló máa ń jáde láàyè. Mo kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí láti sọ pé irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, irọ́ tó sì ń pa èèyàn ni.

Èmi náà gbà á gbọ́ rí. Lọ́dún 2015, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà kò tíì fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé (ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017 ni òfin yẹn bẹ̀rẹ̀), mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí Kútọnu, mo sì rí ọkọ̀ pupa kan tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Orí rẹ̀ ò ga ju àyà mi lọ. Bí wọ́n bá tan ẹ́ńjìnì rẹ̀, gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà ọlọ́kọ̀ náà á yíjú wò ó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn aṣọ ọdún. Mo san gbogbo owó tí wọ́n ní kí n san ní Ṣẹ̀mẹ̀, mo sì wà á dé Ìbàdàn lọ́jọ́ kan náà.

Ọdún méjì ló fi ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí mo bá ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Challenge, abẹ́rẹ́ géèjì á gbéra, á máa lọ síbi pupa. Mo pààrọ̀ ráàdíétọ̀. Mo pààrọ̀ fáànù. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì jó, a ṣe é. Ó tún jó. Ìgbà mẹ́ta ni mo wọkọ̀ èrò lọ sí ọjà Ládìípọ̀ ní Muṣin nítorí ẹ̀yà kan ṣoṣo, ìgbà kẹta ni mo tó rí i, kò sì pé oṣù mẹ́rin tí òun náà fi kú. Nígbà tó di 2019, ó sú mi. Oníṣòwò ọkọ̀ kan gba ọkọ̀ pupa náà lọ́wọ́ mi ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí mo fi rà á, mo kó owó àjọ ọdún kan lé e, ó sì na kọ́kọ́rọ́ jíìpù dúdú kan sí mi: jíìpù ìdílé, tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnì V6, ìjókòó méje. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ará àdúgbò wá bá mi yọ̀ bí ẹni wá kí ìyá ìkókó. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Wàhálà tán."

Nígbà tó di oṣù keje lẹ́yìn tí mo rà á, jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ní Ìwó Road, tí ẹnìkan júwe fún mi, ló tú u wò. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló yọ tẹ́mọ̀sítátì ọkọ̀ yín?" Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fi ibi tó yẹ kó wà hàn mí, ibẹ̀ ṣófo. Ó ti ìka bọ inú omi ráàdíétọ̀, ìka náà jáde ní pupa, ìpẹtà irin ni. Omi ẹ̀rọ lásán ni mẹkáníìkì mi àtijọ́ ń bù sí i, bó ṣe ń bù ú sí ọkọ̀ pupa. Òun náà ló sì yọ tẹ́mọ̀sítátì kúrò nínú àwọn méjèèjì, nítorí ó gbà, bí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ṣe gbà, pé ilẹ̀ òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún, pé kò wúlò lábẹ́ oòrùn tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe, nítorí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi ní gbogbo ọdún tí mo fi náwó. Tẹ́mọ̀sítátì dà bí ilẹ̀kùn kékeré tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti ráàdíétọ̀. Ìda wà nínú rẹ̀. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 90 Celsius, ìda náà á yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí omi lè lọ tutù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, bó ṣe ń ṣí ọ̀nà ráàdíétọ̀ ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú kan tí omi lè gbà yí po láìdé ráàdíétọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ dànù ti ṣí ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn sílẹ̀ títí láé: apá kan omi gbígbóná ò ní tutù mọ́. Omi ẹ̀rọ ní tirẹ̀ á máa jẹ irin lábẹ́lẹ̀, á sì tètè hó ju kúláńtì lọ. Bó ṣe rí nínú ọkọ̀ asáré náà ló rí nínú jíìpù. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo bẹ́ orí, mo ra orí mìíràn, ẹ̀fọ́rí sì tẹ̀lé mi délé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń sọ fún yín pé ìwà ọkọ̀ asáré ni láti máa dààmú èèyàn, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé MX-5 fún yín. Mazda gbé e jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ìlú Chicago ní 1989: ìjókòó méjì, òrùlé tó ṣeé ká sẹ́yìn, ẹ́ńjìnì kékeré tí kò ní àṣírí kankan. Nígbà tó fi di 2016 wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀, àwọn tó ní in sì ń yìn ín fún àìdààmú gẹ́gẹ́ bí àwọn ará ibí ṣe ń yin Corolla. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe RX-8 láti 2003 dé 2012. Ẹ́ńjìnì tí irin onígun mẹ́ta ń yí po nínú rẹ̀ ló wà nínú ìyẹn, wọ́n sì ṣe é ní ọ̀nà tí yóò fi máa jó òróró díẹ̀díẹ̀ kí inú rẹ̀ má bàa gbẹ. Ẹni tí kò bá ń yọ ọ̀pá òróró wò lóòrèkóòrè, ẹ́ńjìnì rẹ̀ á kú. Asáré ni méjèèjì. Ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló yàtọ̀, àti bóyá olówó rẹ̀ mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Òótọ́ ni pé ìyà ń jẹ ọkọ̀ asáré lọ́dọ̀ wa ju ibòmíràn lọ, mi ò ní purọ́. Táyà rẹ̀ pẹlẹbẹ, kòtò kan ṣoṣo lè tẹ ríìmù. Bí Corolla bá bà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ iṣẹ́ ọdún kejì á tún un ṣe, ẹ̀yà rẹ̀ á sì wà ní ìsọ̀ kejì. Ọkọ̀ tí irú rẹ̀ ò ju márùn-ún lọ nínú ìlú kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àìsí ẹ̀yà àti àìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lèyí, kì í ṣe àìga. Jíìpù ilẹ̀ Jámánì tó ga dé àgbọ̀n yín á jẹ yín níyà gan-an bí ọkọ̀ pupa mi ṣe jẹ mí. Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, tó rẹlẹ̀, ò ní jẹ yín níyà tó bẹ́ẹ̀.

Kí tilẹ̀ ni jíìpù? Ọkọ̀ ológun ni orúkọ yẹn kọ́kọ́ jẹ́, èyí tí Willys ń ṣe fún ọmọ ogun Amẹ́ríkà láti 1941. Orí férémù irin ló jókòó lé: egungun wà lọ́tọ̀, ara wà lọ́tọ̀. Land Cruiser ṣì rí bẹ́ẹ̀, Hilux náà rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ wá wo èyí tó kún òpópónà wa. RAV4 jáde ní 1994, ẹ̀yà Corolla àti ti Carina ni wọ́n fi tò ó. Honda gbé CR-V jáde ní 1995, Civic ló wà lábẹ́ rẹ̀. Lexus RX 300 dé ní 1998, Highlander tẹ̀lé e ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Camry ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n, tí wọ́n gbé sókè díẹ̀, tí wọ́n wọ agbádá fún. Mi ò sọ pé wọn ò dára. Mo ní agbára tí ẹ rò pé ẹ ń rà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ta Camry tó fi owó ńlá kún un láti gba Lexus jíìpù nítorí "egungun tó le", egungun Camry ló tún rà.

Àwọn kan rò pé ààbò ló bí jíìpù ní Amẹ́ríkà, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1975, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ dín epo tí ọkọ̀ ń jẹ kù. Òfin náà ya ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ti akẹ́rù sì rọrùn ju tèkejì lọ. Jíìpù bọ́ sábẹ́ akẹ́rù. Ó di ohun tó ń mówó wọlé fún ẹni tó bá ṣe é, kò sì pẹ́ tí ìpolówó ọjà fi kọ́ aráyé pé ọkọ̀ ìdílé ni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "jíìpù ló dáa jù" ti gbéra kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa pẹ̀lú tòkunbọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìjàm̀bá, nítorí ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti burú jù.

Ní 2021, èmi àti ìyàwó mi ń bọ̀ láti Èkó ní ọ̀sán gangan, oòrùn ń jó ọ̀dà. Nínú ọkọ̀ pupa, mi ò jẹ́ sáré ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, nítorí ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, gbogbo gbọ̀ngbọ̀n títì ni mo ń gbọ́. Nínú jíìpù, mo jókòó sókè bí ọba, ariwo ò sí, mo rò pé mò ń rọra lọ. Mo wo géèjì lẹ́ẹ̀kan, 130 ni. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ògèrè nígbà tí táyà ẹ̀yìn lápá òsì bẹ́. Ìdí ọkọ̀ fì lọ sọ́tùn-ún. Mo fa sítíárìn padà, ó fì lọ sósì, mo sì rí i pé apá kan ọkọ̀ náà ti gbéra kúrò nílẹ̀. Ìyàwó mi ò pariwo. Ó kàn di apá mi mú. Bí kì í bá ṣe pé koríko ẹ̀gbẹ́ títì ga, tó sì tutù lọ́jọ́ náà, tí táyà fi yọ̀ dípò kó kọ́ ilẹ̀, à bá ti dojú dé.

Nígbà tí ara mi balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mo wo táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀ nínú àmì kékeré kan lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 1109. Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2009 ni ìtumọ̀ rẹ̀. Táyà ọdún méjìlá ni mo fi ń sáré 130. Ojú rẹ̀ nípọn, dúdú rẹ̀ ń dán, ẹni tó tà á fún mi ti fi nǹkan pa á. Àmọ́ rọ́bà ń gbó láti inú wá, ooru ló sì ń pa á kíá jù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ló ní kí táyà má kọjá ọdún mẹ́fà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ lọ wo tiyín kí ẹ tó ka ojú ìwé tó kàn.

Wọ́n ti fi ẹ̀mí èèyàn kọ́ ẹ̀kọ́ yìí níbòmíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Firestone kó táyà mílíọ̀nù mẹ́fà àtààbọ̀ padà ní Amẹ́ríkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà lábẹ́ Ford Explorer, jíìpù tí àwọn ará ibẹ̀ ń rà jù lọ nígbà náà. Ojú táyà ń ṣí kúrò lára rẹ̀ lórí eré, pàápàá nígbà ooru, pàápàá bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá kéré, jíìpù á sì dojú dé. Èèyàn tó lé ní 200 ló kú. Ford ní òun ò jẹ̀bi, táyà ni. Firestone ní ọkọ̀ ni. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti ń bá bọ̀ fún ohun tó súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún sì tú ká ní 2001. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Amẹ́ríkà fi dandan lé e pé kí iná kan máa tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù bí afẹ́fẹ́ táyà bá lọ sílẹ̀. Iná yẹn wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa. Mo ti rí rìwáyà tó yọ gílóòbù rẹ̀ dànù nítorí pé "ó ń dá ojú ọlọ́kọ̀ láàmú."

Ẹ bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ jíìpù ló ń dojú dé. Ẹ wo obìnrin tó ru agbada omi sórí àti èyí tó gbé e dání nísàlẹ̀ ìdí. Bí àwọn méjèèjì bá ṣẹ́rí yà lójijì, ẹ mọ èyí tí omi rẹ̀ máa dànù. Ìṣirò kan wà tí àjọ tó ń bójú tó ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà ń lò: wọ́n á wọn ìbú tó wà láàárín táyà ọ̀tún àti tòsì, wọ́n á gé e sí méjì, wọ́n á sì fi ìwọ̀n bí àárín gbùngbùn ìwúwo ọkọ̀ ṣe ga tó pín in. Bí èsì bá ṣe pọ̀ tó ni ọkọ̀ ṣe jókòó dáadáa tó. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sábà máa ń ní 1.3 sí 1.5. Jíìpù, 1.0 sí 1.3. Ọkọ̀ asáré, tó fẹ̀, tó sì rẹlẹ̀, wà lára àwọn tó ṣòro jù láti yí dànù. Ọkọ̀ tí gbogbo àdúgbò ní kí n sá fún nítorí ẹ̀mí mi ni ì bá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin ní Ògèrè lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn onímọ̀ sì ti dán ọ̀rọ̀ eré wò pẹ̀lú: bí wọ́n bá bo géèjì mọ́ awakọ̀ lójú, tí wọ́n ní kó máa sáré bó ṣe rò pé ó tọ́, ẹni tí ojú rẹ̀ wà lókè máa ń sáré ju ẹni tí ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lọ. Gíga ń tan ojú jẹ. Ẹni tó sì fi 120 kọlu nǹkan, agbára tó fi kọlù ú fi ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹni tó wà lórí 100 lọ, nítorí eré tí a fi eré kan náà sọ di púpọ̀ ni agbára náà ń bá rìn. Awakọ̀ jíìpù tó gbà pé òun wà nínú odi ò ní mọ̀ pé òun ti gorí 120.

Ẹnìkan á ní jíìpù òde òní ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kó fì. Òtítọ́ ni, ẹ̀rọ náà sì ti dín ìdojúdé kù gan-an. Láti ọkọ̀ ọdún 2012 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan nínú gbogbo wọn. Bí ẹ bá lówó jíìpù tuntun tí ẹ̀rọ yẹn ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí gbogbo ará ilé yín ń de bẹ́líìtì, ìjà mi pẹ̀lú yín dín kù. Ṣùgbọ́n jíìpù 2003 tí owó wa ká ńkọ́, èyí tó ti lo ọdún mẹ́wàá níbòmíràn kó tó bá wa, èyí tí ọmọ mẹ́rin jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láìde nǹkankan? Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí gbiri, ẹni tí kò de bẹ́líìtì ló máa ń já jáde gba ojú fèrèsé.

Ó ku kòtò àti omi. Ti kòtò, mo gbà fún yín. Ọkọ̀ asáré fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà méjìlá ga nílẹ̀, ọ̀pọ̀ jíìpù tó ogún. Ẹni tó ń gbé òpópónà tí gíréédà ò fẹsẹ̀ kàn rí, tàbí tó ń lọ sóko lójoojúmọ́, kò gbọ́dọ̀ ra ọkọ̀ asáré, kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ ronú rẹ̀. Kó ra Hilux, kó fọkàn balẹ̀. Ti omi ni mi ò gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò rọ̀ ní Ìbàdàn, omi gbé afárá lọ, ó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ìlú yìí mọ ibi tí wọ́n wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Omi tó ń ṣàn, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan, lè gbé ọkọ̀ kékeré. Bó bá tó ẹsẹ̀ méjì, ó lè gbé jíìpù náà lọ. Ọkọ̀ tó ga ń jẹ́ kí olówó rẹ̀ wọ omi tí ẹni inú Corolla á dúró wò. Omi díẹ̀ tó bá gba ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì V6 tí ẹ fi mílíọ̀nù rà ti di irin àlòkù.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù kọ́ nìyí.

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí a ra jíìpù náà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ògèrè, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí nípa ohun gbogbo, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mò ń rí láti orí ìjókòó mi. Mo pa ẹ́ńjìnì, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo ní kí ìyá rẹ̀ mú un dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì kó máa rọra rìn sẹ́yìn. Ó rìn. Mi ò rí i. Ó tún rìn. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, mi ò rí orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ọmọdé ló gbé kí n tó rí irun orí rẹ̀. Láti inú ọkọ̀ pupa, mo máa ń rí bàtà rẹ̀. Mo ronú nípa gbogbo àárọ̀ tí mo ti ń gbé ọkọ̀ kúrò nínú ọgbà pẹ̀lú ìkánjú, tí ọmọ onílé àti ti ayálégbé ń sáré kiri, ọwọ́ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Nígbà tí ẹ bá ń ka iye ẹ̀mí tí jíìpù gbà là, ẹ ka ti ẹni tó wà níta mọ́ ọn. Ìwádìí tí ilé iṣẹ́ ìwádìí àwọn adójútòfò ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2023 fi hàn pé ọkọ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ga ju 40 íǹṣì lọ fi nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ju èyí tó rẹlẹ̀ tó sì dà gẹ̀rẹ̀ lọ nínú pípa ẹni tó bá gbá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tó rẹlẹ̀ ń gbá èèyàn lẹ́sẹ̀, á gbé e sókè. Èyí tó ga ń gbá àyà àti orí, á tì í sábẹ́. Ní ìlú tí ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń rìn, tí ọmọ ilé ìwé ń sá kọjá títì láìsí afárá, tí oníbúrẹ́dì ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, ta ni à ń fi jíìpù dáàbò bò?

Owó epo ò gba àlàyé gígùn. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tí à ń rà ní ohun tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti kọjá 1,000 kí 2024 tó parí. Jíìpù V6 ń jẹ nǹkan bí lítà 12 fún 100 kìlómítà, Corolla ń jẹ 8. Láti Ìbàdàn dé Èkó àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí 260 kìlómítà. Bí lítà kan bá jẹ́ 1,000 náírà, jíìpù á fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ju Corolla lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ bá lọ tí ẹ bọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì V6 náà, mẹ́ta wà lójú, mẹ́ta sì farapamọ́ sẹ́yìn lábẹ́ ohun tí mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú, owó iṣẹ́ á yàtọ̀. Ẹni tí kò rówó tọ́jú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì kékeré kò lè rówó tọ́jú èyí.

Mo ta jíìpù náà ní 2022. Camry kan ni mò ń wà báyìí, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì kéré ní ọdún mẹ́ta.

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi ọkùnrin gbé ọkọ̀ asáré tirẹ̀ wá sílé mi, ọkọ̀ dúdú tó rẹlẹ̀ tí mò ń ṣọ́ lójú látọjọ́ tó ti rà á. Ó ti bá oníṣòwò kan sọ̀rọ̀ jíìpù, iye owó tí yóò kún un wà nínú fóònù rẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá mi, ó ń gbóná, ó sú mi." Mi ò bá a jiyàn. Mo gbé e lọ bá bàbá mẹkáníìkì ní Ìwó Road. Bàbá ṣí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó pè mí kí n wá wò ó. Ibẹ̀ ṣófo, bí tèmi ṣe ṣófo.

Ọjọ́ méjì ló gbà wá láti rí tẹ́mọ̀sítátì rẹ̀ ní Ládìípọ̀. Bàbá fọ inú ẹ́ńjìnì títí omi fi mọ́, ó da kúláńtì sí i, ó ní kí a wà á lọ sí Mọ́kọ́lá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀nà bá dí jù. Àbúrò mi ló wà á. A lo wákàtí kan àti díẹ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fèrèsé wà ní ṣíṣí, òógùn ń já bọ́ lójú wa, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí pé àwa méjèèjì ń wo abẹ́rẹ́ géèjì. Ó dúró sí àárín. A dé Sango, a yí padà, ó ṣì wà ní àárín. Nígbà tí a délé, ó pa ẹ́ńjìnì, ó mú fóònù rẹ̀, ó pe oníṣòwò náà.